Sílíńdà kẹta ń gbóná ju àwọn yòókù lọ: ẹ bá mi wò ó (CHT, ìyẹn ooru tọ́pù sílíńdà, Lycoming O-320)

OlùkànBàálù_Houston

Ẹ káàsán o, ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò. Ẹ bá mi dúpẹ́, bàálù kékeré RV-6 tí mo ń kàn nínú gáréèjì ti kúrò nílẹ̀. Lycoming O-320 ló wà nímú rẹ̀, èyí tó ní 160 agbára ẹṣin, oní kábúrétọ̀. Àwọn sílíńdà rẹ̀ kì í ṣe tuntun, wọ́n ti ṣiṣẹ́ lára bàálù mìíràn kí n tó rà á.

Ohun tó ń kọ mí lóminú nìyí. Tí mo bá gbéra tí mo sì ń gòkè, CHT sílíńdà kìíní, ìkejì àti ìkẹrin kì í kúrò láàárín 370 sí 390°F. Ìkẹta nìkan ni kì í gbọ́. Kí n tó dé 3,000 ẹsẹ̀ bàtà ó ti ń lọ sí 430, àfi kí n rẹ imú bàálù sílẹ̀ kó tó fara balẹ̀. Tí mo bá ti tẹ́jú, á padà sí 395. Oṣù Kejì la ṣì wà o, ojú ọjọ́ ò ju 60°F lọ. Oòrùn Houston tí mo mọ̀ yìí, tó bá di Oṣù Kẹjọ ńkọ́?

Ṣé ẹ́ńjìnì ló ń gbóná lóòótọ́ ni, àbí gééjì ló ń parọ́ mọ́ ọn? Níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

ẸnjiníàÌkẹjà

Ẹ kú oríire, ẹ̀gbọ́n. Ọlọ́run á jẹ́ kẹ́ ẹ lò ó pẹ́.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ibi tí ààlà wà. Lycoming fi 500°F, ìyẹn 260°C, ṣe òpin pátápátá fún ẹ́ńjìnì bíi tiyín. Òpin ni o, kì í ṣe ibi tí èèyàn ń gbé. Àwọn fúnra wọn sọ pé tí a bá ń fi agbára gíga rìn, kó má kọjá 435. Tí a bá ń rìn jẹ́ẹ́jẹ́ láti dá epo sí, kó wà lábẹ́ 400, kí ẹ́ńjìnì lè pẹ́. Ti Continental kéré sí i, 460 ni òpin ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ẹ má ṣe mú nọ́ńbà ẹ́ńjìnì ẹlòmíì lé tiyín lórí.

Ìdí rẹ̀ ni pé aluminiọ́mù ni wọ́n fi dà tọ́pù sílíńdà, agbára aluminiọ́mù sì ti máa ń lọ tipẹ́tipẹ́ kó tó di pé ó yọ́. Tó bá ti ń kọjá 400°F, ó ti ń rọ̀, ìtẹ̀ inú sílíńdà á sì máa fà á ya díẹ̀díẹ̀. Fáàfù tí èéfín ń gbà jáde ló máa ń kọ́kọ́ jìyà: òróró á jóná mọ́ ọ̀pá rẹ̀, fáàfù á bẹ̀rẹ̀ sí í há. Kì í ṣe nǹkan tí ẹ máa rí lọ́jọ́ kan, òun ló fi burú.

Fún àwọn tó ń kà á láti ilé: RV-6 kì í ṣe àjèjì sí wa. Ẹ̀yà RV-6A ni iléeṣẹ́ AIEP fi ṣe Air Beetle ní Kàdúná, bàálù tí wọ́n fi ń kọ́ àwọn ọmọ ológun òfuurufú wa ní fífò.

Ẹ̀gbọ́n, ìkẹta tí ẹ ń wí yìí, ṣé èyí tó wà lẹ́yìn lápá ọ̀tún ni? Mo ń béèrè nítorí Continental ń ka sílíńdà tirẹ̀ láti ẹ̀yìn bọ̀ wá síwájú. Irú pírọ́ọ̀bù wo ló sì ń wọn ooru rẹ̀?

OlùkànBàálù_Houston

Ẹ ṣé o, Ẹnjiníà. Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀yìn lápá ọ̀tún. Bayonet ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọ́n wà nínú ihò abẹ́ tọ́pù sílíńdà. Gééjì oní-kọ̀ǹpútà ni, ó ń kọ gbogbo nọ́ńbà sílẹ̀.

Wáyà_Kò_Parọ́

Ẹ má tíì fọwọ́ kan ẹ́ńjìnì rárá. Iṣẹ́ gééjì ni mò ń ṣe jẹun, ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnì tí wọ́n ní ó ń gbóná ni ara rẹ̀ yá gágá.

Àyẹ̀wò àkọ́kọ́ ò ná yín ní kọ́bọ̀. Láàárọ̀, nígbà tí bàálù ti sùn mọ́jú, ẹ tan gééjì nìkan, ẹ má tan ẹ́ńjìnì. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbọ́dọ̀ fi ojú ọjọ́ hàn, kí wọ́n sì bára wọn dọ́gba. Ìyàtọ̀ ìwọ̀n méjì mẹ́ta ò burú. Èyí tó bá yapa ju bẹ́ẹ̀ lọ, òun ni kẹ́ ẹ bá wíjọ́.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ yọ pírọ́ọ̀bù ìkẹta, ẹ gbé e lọ sí ìkẹrin, kẹ́ ẹ gbé ti ìkẹrin wá sí ìkẹta. Ẹ fò lẹ́ẹ̀kan. Tí ooru bá bá pírọ́ọ̀bù lọ, ẹ ra tuntun kẹ́ ẹ lọ sinmi. Tó bá jókòó ti sílíńdà kẹta, ẹ́ńjìnì ló ń sọ̀rọ̀ yẹn. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ dájú, kó ti orí pírọ́ọ̀bù bọ omi tó ń hó: 212°F ló yẹ kó rí ní Houston tàbí l'Ékòó. Ará Jọ́ọ̀sì ò gbọdọ̀ retí 212 o. Ìlú tó ga tó nǹkan bí 1,200 mítà ni, omi ibẹ̀ ń hó ní nǹkan bí 205.

Ẹ wá jẹ́ kí n sọ ti wáyà, torí ibẹ̀ ni wàhálà pọ̀ sí. Thermocouple kò ju wáyà méjì lọ, irin wọn yàtọ̀ síra, wọ́n so wọ́n pọ̀ lórí kan. Tí orí yẹn bá gbóná, iná tíńtínní á jáde, nǹkan bíi 0.05 mílífóòtì fún ìwọ̀n Celsius kan. Oríṣi méjì la sábà ń rí lára bàálù: J fún CHT, K fún EGT, ìyẹn ooru èéfín tó ń jáde. Lábẹ́ àwọ̀ àwọn ará Amẹ́ríkà, funfun àti pupa ni J, yẹ́lò àti pupa ni K, pupa sì ni nẹ́gétíìfù nínú méjèèjì. Rẹwáyà tó ti mọ́ lára pé pupa ni pọ́sítíìfù á so ó sódì, gééjì á wá máa rọlẹ̀ bí ẹ́ńjìnì ṣe ń gbóná.

Tí pírọ́ọ̀bù bá jẹ́ J, tí ẹ sì sọ fún gééjì pé K ni, sílíńdà tó wà ní 392°F á máa fi nǹkan bí 500 hàn. Ìdààmú lásán nìyẹn. Ìdàkejì rẹ̀ ló ń pa èèyàn: K lára ẹ́ńjìnì, J nínú gééjì, 392 á jọ 315, ẹ ó sì máa yangàn fún gbogbo ayé pé ẹ́ńjìnì yín tutù.

Ohun kan náà ni wáyà kọ́pà lásán máa ń ṣe. Tí ẹ bá fi kọ́pà gun wáyà pírọ́ọ̀bù láti inú bọ́nẹ́ẹ̀tì, tí ojú ìsopọ̀ náà wà ní 150°F, tí ẹ̀yìn gééjì sì wà ní 85, 65 tó wà láàárín wọn ni gééjì máa yọ kúrò lára òótọ́. Wáyà J ni kẹ́ ẹ fi gun J títí dé ẹ̀yìn gééjì.

Ọ̀kan tó kù: nígbà tí ẹ bá ń fò, ẹ pa alternator fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Tí CHT bá fò sókè tàbí bọ́ sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀, wáyà ilẹ̀ tó so ẹ́ńjìnì mọ́ gééjì ni kẹ́ ẹ lọ tún ṣe. Irin kì í tutù lójú ẹsẹ̀.

Pílọ́ọ̀tì_Atlanta

Gbogbo ìyẹn dára, àmọ́ ẹ̀gbọ́n ṣì ní láti fò lọ́la. Kí wọ́n gbéra pẹ̀lú epo kíkún (kí epo pọ̀ dáadáa nínú àdàpọ̀ epo àti afẹ́fẹ́ ni mò ń wí, kì í ṣe táǹkì), tí wọ́n bá ti dé ibi gíga tí kò léwu, kí wọ́n rẹ imú sílẹ̀ kí bàálù máa sáré sí i. Bí eré bá ṣe pọ̀ tó ni afẹ́fẹ́ á ṣe pọ̀ tó nínú bọ́nẹ́ẹ̀tì. Kò sí ẹni tó ń fún wa ní ife-ẹ̀yẹ nítorí pé a gun òkè bí ọfà.

Àdùkẹ́RV

Wáyà, ẹ kú àlàyé. Ṣùgbọ́n mo lè fi owó tẹ́ ẹ pé pírọ́ọ̀bù kọ́. Sílíńdà kẹta RV! Gbogbo àwa tá a ti kàn án la mọ ìwà rẹ̀.

Ẹ wo bí afẹ́fẹ́ ṣe ń rìn. Ó ń gba ojú ihò méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pùròpélà wọlé, ó ń kún òkè ẹ́ńjìnì, ìtẹ̀ òkè á ju ti ìsàlẹ̀ lọ, afẹ́fẹ́ á sì gba àárín ìyẹ́ àwọn sílíńdà, àwọn irin pẹlẹbẹ tó yọ lára wọn, sọ̀kalẹ̀, á jáde lábẹ́. Àárín ìyẹ́ yẹn nìkan ló ti ń ṣe wá lóore. Àwọn páànù tó yí ẹ́ńjìnì ká, tí wọ́n ń pè ní baffle, iṣẹ́ wọn ni láti fi túláàsì mú afẹ́fẹ́ gba ibẹ̀. Tó bá rí ọ̀nà ẹ̀bùrú, ó ti lọ nìyẹn.

Ní ti ìkẹta: lójú ẹ̀yìn rẹ̀, ìyẹ́ tọ́pù sílíńdà kúrú gan-an, baffle ẹ̀yìn sì lẹ̀ mọ́ ọn típẹ́típẹ́. Afẹ́fẹ́ ò ríbi kọjá rárá lápá ibẹ̀. Ìkejì náà ní irú àbùkù yìí lójú iwájú, àmọ́ afẹ́fẹ́ tútù ń gbá a lójú tààrà, kò fi bẹ́ẹ̀ hàn lára rẹ̀. Ohun tí a máa ń ṣe ni pé a ó tú bóòtù tó mú baffle mọ́ ẹ̀yìn ìkẹta, a ó fi wọ́ṣà kan tàbí méjì sáàárín, kí àyè tẹ́ẹ́rẹ́ ṣí sílẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Àwọn mìíràn máa ń lu páànù náà kó yọ ikùn sẹ́yìn. Ẹ má ṣí i jù, ẹ̀bùrú tuntun lẹ máa fi dá sílẹ̀.

Kí ẹ tó dì í padà, ẹ mú irin wẹ́ẹ́dà tó tín-ín-rín, ẹ máa tì í gba àárín ìyẹ́ kọ̀ọ̀kan láti òkè. Ó gbọ́dọ̀ yọ nísàlẹ̀. Níbi tí kò bá ti yọ, aluminiọ́mù tó ṣẹ́ kù láti ìgbà tí wọ́n dà á ló dí i, ó máa ń pọ̀ nítòsí ihò púlọ́ọ̀gì àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí èéfín ń gbà jáde. Sílíńdà tuntun láti iléeṣẹ́ gan-an máa ń ní in. Fáìlì tẹ́ẹ́rẹ́ àti sùúrù ni, kẹ́ ẹ má fi ha ìyẹ́ fúnra rẹ̀. Ẹ sì fi nǹkan dí ihò púlọ́ọ̀gì kí ègé irin má bọ́ sínú.

Tó bá di alẹ́, ẹ de bọ́nẹ́ẹ̀tì padà, ẹ gbé tọ́ọ̀ṣì sábẹ́ ẹ́ńjìnì, kẹ́ ẹ yọjú láti ihò iwájú. Gbogbo ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti ń yọ láìgba àárín ìyẹ́, afẹ́fẹ́ ń sá níbẹ̀. Sílíkóònù pupa tó ń gba ooru ni kẹ́ ẹ fi dí i. Ní ti rọ́bà etí baffle, ẹ jẹ́ kó kọjú sí ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀, kí ìtẹ̀ afẹ́fẹ́ lè gbá a mọ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Mo ti rí bàálù tó ṣí sẹ́yìn, tí afẹ́fẹ́ ń ṣí i bí ilẹ̀kùn. Ẹ wo inú bọ́nẹ́ẹ̀tì òkè: níbi tí rọ́bà bá ti ń fara kan án dáadáa, ipa dúdú á wà níbẹ̀. Níbi tí ipa yẹn bá ti já, ẹ ti mọ ibi tí àlàfo wà.

Níbo lẹ gbé kúlà òróró sí?

OlùkànBàálù_Houston

Ẹ ṣé gan-an, Àǹtí. Ó wà lẹ́yìn ìkẹrin, lára baffle.

Àdùkẹ́RV

Ó ń jẹ nínú afẹ́fẹ́ ìkẹrin nìyẹn. Síbẹ̀ ìkẹrin tutù ju ìkẹta lọ, èyí túbọ̀ jẹ́ kí n fura sí ẹ̀yìn ìkẹta. Tí ẹ bá fi páànù kékeré dí iwájú ìkíní àti ìkejì, ẹ má tíì gé e o. Ẹ tún ẹ̀yìn ṣe ná.

BàbáRotax_Kent

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo rí 430, mo rí 390, àyà mi já kí n tó rántí pé Fahrenheit lẹ ń sọ. Níbí, Celsius la fi ń wọn tiwa.

Ẹni tó bá ní Rotax 912 kó má kó sínú ọ̀rọ̀ yìí láìwo ìwé. Afẹ́fẹ́ ló ń tu ara sílíńdà wa, omi ló ń tu orí rẹ̀. Lára 912 ULS ti àtijọ́, 135°C ni òpin ooru orí sílíńdà; 150 ni ti 912 UL. Láti 2013 ni orí sílíńdà tuntun ti dé, ooru omi gan-an ni wọ́n ń wọ̀n níbẹ̀, òpin rẹ̀ sì jẹ́ 120°C. Mo rí ẹni tó ra orí tuntun, tó sì fi ìlà pupa sílẹ̀ ní 135.

Kí ẹ sì mọ èyí: bí omi bá jò tán lójú òfuurufú, pírọ́ọ̀bù tó yẹ kó wà nínú omi á wà nínú òfìfo. Ó lè máa fi nọ́ńbà pẹ̀lẹ́ hàn nígbà tí irin ti ń jóná. Ẹ máa wo ooru òróró pẹ̀lú rẹ̀. Pírọ́ọ̀bù Rotax kì í sì í ṣe thermocouple, nítorí náà ọ̀rọ̀ pupa àti yẹ́lò tí Wáyà sọ kò kàn wá.

ỌmọAkúrẹ́_Fò

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi ń gbìyànjú láti fi ẹ́ńjìnì ìjàpá, Volkswagen 1600, sínú bàálù kékeré ẹlẹ́nìkan. Orí ilẹ̀ la ṣì ti ń tàn án. Kò ní ihò bayonet. Báwo la ṣe máa wọn ooru tọ́pù rẹ̀?

Wáyà_Kò_Parọ́

Àbúrò, thermocouple oní-wọ́ṣà ni. Ẹ yọ wọ́ṣà púlọ́ọ̀gì, ẹ fi òun sí ipò rẹ̀, mílímítà 14. Ẹ gbé ojú ìsopọ̀ rẹ̀ sí ẹ̀yìn, níbi tí afẹ́fẹ́ ò ti ní máa fẹ́ lù ú, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á máa fi nọ́ńbà kékeré tàn yín. Nọ́ńbà rẹ̀ kì í bá ti bayonet mu, nítorí náà àwọn 500 àti 435 tó wà lókè yìí kì í ṣe tiyín. Tí gééjì bá jẹ́ ti àtijọ́, èyí tí kì í lo bátìrì, ẹ má gé wáyà rẹ̀ kúrú. Gígùn wáyà wà nínú ìṣirò rẹ̀.

Ìjàpá_Mushin

Ẹ̀yin ọ̀gá, èmi ò kan bàálù rí o, mọ́tò ìjàpá ni mo mọ̀. Ṣùgbọ́n sílíńdà kẹta tí ẹ ń sọ yìí pa mí lẹ́rìn-ín. Ìjàpá náà, ìkẹta ló máa ń jóná! Kúlà òróró ló dúró sójú ọ̀nà atẹ́gùn fáànù lórí ìkẹta. Fáàfù ìkẹta la máa ń pààrọ̀ ṣáá. Nígbà tó di 1971, wọ́n gbé kúlà náà sẹ́yìn sínú ilé tirẹ̀, ara tu ìkẹta díẹ̀.

Àbúrò mi l'Ákúrẹ́, tí ẹ bá ti tú fáànù àti páànù rẹ̀ kúrò, ìṣòro kúlà bá a lọ, àmọ́ atẹ́gùn kankan ò tún sí mọ́ nìyẹn. Ẹ má tan án pẹ́ lórí ilẹ̀ láìsí páànù tó ń darí atẹ́gùn sí i. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ tọ́pù á ti ya láàárín ihò púlọ́ọ̀gì àti fáàfù, ibẹ̀ ló máa ń gbà ya. Páànù kékeré tó wà lábẹ́ sílíńdà, tí àwọn ọmọ iṣẹ́ máa ń jù nù, ẹ wá a. Òun ló ń jẹ́ kí atẹ́gùn gbá ìsàlẹ̀ sílíńdà mọ́ra.

ẸnjiníàÌkẹjà

Ọ̀rọ̀ gidi. Èmi á fi kún un pé kẹ́ ẹ kọjú bàálù sí atẹ́gùn tí ẹ bá ń tan án, kí bọ́nẹ́ẹ̀tì sì wà lórí rẹ̀. Àṣìṣe ni bí àwọn kan ṣe ń ṣí i sílẹ̀ kó lè tutù, torí láìsí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ìtẹ̀ òkè tí Àǹtí Àdùkẹ́ ṣàlàyé ò sí mọ́. Tí ẹ bá fi ríìngì tuntun sí i, ooru á kọ́kọ́ ga, á sì rọlẹ̀ fúnra rẹ̀ nígbà tí ríìngì bá ti jókòó. Kí ẹ tó kúrò nílẹ̀ rárá, ẹ lọ bá NCAA, àjọ tó ń ṣàkóso ọkọ̀ òfuurufú nílẹ̀ wa. Mi ò ní dákẹ́ lórí ìyẹn.

Pílọ́ọ̀tì_Atlanta

Ẹ jẹ́ kí n padà sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n. Mo ṣì ń fura sí epo. CHT kì í ga jù níbi tí EGT ti ga jù. Ó ń ga jù nígbà tí EGT bá wà ní nǹkan bí 40 sí 50°F sísàlẹ̀ ibi tó ń ga dé jù, lápá ibi tí epo ti pọ̀. Ẹni tó bá dín epo kù díẹ̀ nígbà tó ń gòkè, pé òun ń dá owó sí, àárín iná gan-an ló gbé ẹ́ńjìnì sí. Kí wọ́n jẹ́ kí epo kún, tàbí kí wọ́n fẹ ojú jẹ́ẹ̀tì kábúrétọ̀, ihò tí epo ń gbà, bí àwọn kan ti ń ṣe.

Àdùkẹ́RV

Àbúrò, mo gbà pẹ̀lú rẹ nípa epo kíkún. Mi ò gbà nípa jẹ́ẹ̀tì, ó kéré tán kì í ṣe báyìí. Tó bá jẹ́ pé epo ò tó lóòótọ́, sílíńdà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni ì bá gbóná. Ọ̀kan ló ń gbóná. Ẹ má fi epo bo àṣírí páànù.

Ohun kan tó lè mú kí epo ọ̀kan dín ni kí afẹ́fẹ́ máa wọ ibi gásíkẹ́ẹ̀tì páìpù tó ń gbé epo wọ ìkẹta. Ẹ wo EGT nígbà tí throttle, ọwọ́ tí a fi ń ṣàkóso agbára ẹ́ńjìnì, bá wà nísàlẹ̀: tí ti ìkẹta bá ga ju ti àwọn yòókù lọ níbẹ̀, tí wọ́n sì wá dọ́gba nígbà tí throttle bá ṣí tán, ẹ tú gásíkẹ́ẹ̀tì yẹn wò.

OlùkànBàálù_Houston

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, gbogbo ilé. Mo ti ṣe é.

Láàárọ̀, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bára wọn mu. Mo pààrọ̀ pírọ́ọ̀bù ìkẹta àti ìkẹrin, ooru ò kúrò lára ìkẹta. EGT wọn ò yapa nígbà tí throttle wà nísàlẹ̀. Ni mo bá tú baffle ẹ̀yìn. Àǹtí, bí ẹ ti wí ló rí: kò sí àyè tí bébà lè gbà kọjá. Irin wẹ́ẹ́dà ò sì yọ láàárín ìyẹ́ bíi mélòó kan nítòsí púlọ́ọ̀gì òkè. Mo fi fáìlì là á, mo fi wọ́ṣà sí i, mo sì fi sílíkóònù dí gbogbo ibi tí tọ́ọ̀ṣì ti tú fó, pàápàá igun méjèèjì níwájú.

Nísinsìnyí ìkẹta ò kọjá 405 tí mo bá ń gòkè, àwọn yòókù wà ní 365 sí 380. Tí mo bá tẹ́jú, ó ń wà ní 375. Ojú ọjọ́ ṣì jẹ́ 60. Inú mi dùn, ṣé kí n fi ọtí tẹ́ yín lọ́rùn?

ẸnjiníàÌkẹjà

Ẹ jẹ́ kí ọtí dúró díẹ̀, ẹ̀gbọ́n. Nígbà tí àwọn FAA, àjọ ọkọ̀ òfuurufú Amẹ́ríkà, bá ń wò bóyá bàálù tó fẹ́ gbàwé-ẹ̀rí ń tutù tó, ọjọ́ gbígbóná ni wọ́n fi ń ṣírò: 100°F létí òkun, kí ó máa dín ní 3.6 fún 1,000 ẹsẹ̀ bàtà kọ̀ọ̀kan. Ìwọ̀n tí ojú ọjọ́ fi kéré sí ìyẹn, a ó fi gbogbo rẹ̀ kún CHT tí a rí. Òfin yẹn ò de bàálù tí a fọwọ́ ara wa kàn, àmọ́ ìṣirò rẹ̀ wúlò. 60 lẹ ti dán an wò, 40 ló kù. 405 á di 445 nínú Oṣù Kẹjọ.

Ìdí kan náà nìyí tí bàálù tó tutù rẹ́súrẹ́sú ní Kent fi lè máa jóná tó bá dé Ìlọrin.

Ẹ yẹ àkókò ìtanná magneto, ohun tó ń fún púlọ́ọ̀gì ní iná, wò. Ìwọ̀n 25 kí písítìnì tó dé òkè ni ọ̀pọ̀ O-320 ń lò, àmọ́ nọ́ńbà tó wà lára páálí irin tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ́ńjìnì yín ni kẹ́ ẹ gbà gbọ́. Tí iná bá ń tètè tàn ju bó ṣe yẹ lọ, CHT á ga, EGT á rọlẹ̀, pílọ́ọ̀tì á sì rò pé nǹkan ń lọ dáadáa.

OlùkànBàálù_Houston

Ẹnjiníà, ọwọ́ yín bà á. Ìwọ̀n 25 ló wà lára páálí, 28 la bá lára magneto òsì. Bó ṣe rí nìyẹn nígbà tí mo ra ẹ́ńjìnì náà. A ti dá a padà. Lónìí tí ojú ọjọ́ jẹ́ 72, ìkẹta ò kọjá 394 tí mo bá ń gòkè.

Pílọ́ọ̀tì_Atlanta

394 pẹ̀lú 28, ìyẹn 422 lọ́jọ́ tó gbóná jù. Ó wà lábẹ́ 435. Ẹ rẹ imú sílẹ̀ díẹ̀, ẹ ti bọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ mọ ìyàtọ̀ láàárín ooru tó ń gun díẹ̀díẹ̀ àti èyí tó ń sáré. Tí CHT sílíńdà kan bá ń fi ìwọ̀n kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ gòkè ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tí EGT rẹ̀ sì ń bọ́, epo ti ń bú gbàù nínú sílíńdà yẹn. Ẹ má dúró wo gééjì: ẹ dín agbára kù, ẹ jẹ́ kí epo kún, ẹ rẹ imú sílẹ̀, kẹ́ ẹ wá ibi balẹ̀. Ní ti ìtutù òjijì tí àwọn àgbà máa ń bẹ̀rù, a ò ní parí àríyànjiyàn yẹn níbí. Lycoming ní kó má ju 50°F ní ìṣẹ́jú kan, ẹni tó bá ń dín throttle kù díẹ̀díẹ̀ kì í sún mọ́ ọn.

Wáyà_Kò_Parọ́

Ẹ má fi ìkìlọ̀ gééjì sílẹ̀ ní 500 tí iléeṣẹ́ gbé e sí. Kó tó pariwo níbẹ̀, ẹ́ńjìnì ti sanwó. Èmi máa ń fi yẹ́lò sí 400, pupa sí 425. Tó bá wá ń ké ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá ń gòkè nínú ooru, ẹ gbé yẹ́lò sókè díẹ̀, torí ìkìlọ̀ tó ń ké lójoojúmọ́, etí kì í gbọ́ ọ mọ́. Ẹ máa yọ àkọsílẹ̀ gééjì náà sórí kọ̀ǹpútà lẹ́yìn ìfò kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ sì kọ ojú ọjọ́ sí i lára. Tó bá di Oṣù Kẹjọ, ẹ gbé nọ́ńbà yín wá síbí, ká wò ó bóyá 422 ni lóòótọ́.

OlùkànBàálù_Houston

Mo ti gbé e sí 400 àti 425. Màá gbé àkọsílẹ̀ Oṣù Kẹjọ wá. Àǹtí Àdùkẹ́, mo ṣì fẹ́ bi yín nípa páànù iwájú ìkíní àti ìkejì, nítorí ìkíní ló tutù jù báyìí.

Àdùkẹ́RV

Ẹ gé ìdajì íńṣì kúrò lórí ti ìkejì nìkan, ẹ má tíì fọwọ́ kan ti ìkíní. Páànù ìkíní tó ga díẹ̀ ló ń ju afẹ́fẹ́ sí ẹ̀yìn fún ìkẹta. Ẹ fò, kẹ́ ẹ wo ìkẹrin.